Ohun Tó Dí Ọ̀nà Èéfín Ilé Olúdayọ̀

Nígbà tí ọyẹ́ ọdún náà mú Èjìdé dé egungun, tí gbogbo agboolé ní Kúdẹtì ń rò pé àgbà fẹ́ relé, ó ní kí wọ́n pe Olúdayọ̀ ọmọ òun wá, pẹ̀lú Clara ìyàwó rẹ̀, kí wọ́n sì ránṣẹ́ sí Gàfárù mọlémọlé ní Bẹyẹrúnká.

"Ẹrù ayé kọ́ ni à á rù dé ọ̀run," ló wí. "Lónìí ni mo fẹ́ sọ tèmi."

Ó rí i tí ojú Clara ti ń ṣe omi.

"Má tíì sunkún. Bí mo bá parí, bóyá pàṣán lo máa mú. Olúdayọ̀, lọ́yẹ́ èṣí, o ní èéfín ìkòkò iná tí mò ń yá ń ba ojú mi jẹ́. O ti rí ààrò inú ògiri nílé òyìnbó, èyí tí èéfín rẹ̀ ń gba òrùlé jáde. Mo ní ìkòkò tó mi, o ní ààrò ògiri ni. Gàfárù mọ ọ́n sí pálọ̀ yín, ó dán bí awo tuntun. Gbogbo yín ń yọ̀, inú mi ń jó. Láti ọjọ́ tí mo ti dàgbà nínú agboolé yìí, ọ̀dọ̀ mi làwọn obìnrin ti ń fọnná láàárọ̀. Wọ́n á gbé àpáàdì wá, wọ́n á kúnlẹ̀, kí n tó bu ẹ̀yinná fún wọn, mo ti gbọ́ ẹni tó lóyún àti ẹni tó bọ́kọ jà. Mo ní bí iná bá di ti pálọ̀, ta ni yóò tún kí mi? Àgbà ìyà ni mí!

"Ọjọ́ Ìsinmi tí ẹ fẹ́ kọ́kọ́ dáná síbẹ̀, mo ní orúnkún kò jẹ́ kí n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ ti kẹ̀yìn, orúnkún náà gun àkàsọ̀ dórí páànù!"

"Ẹ̀yin, Màmá?" Clara figbe ta. "Orí páànù?"

"Ewúrẹ́ nìkan ló rí mi. Mo bọ́ ìró aró mi, mo kì í bọ ọ̀nà èéfín, mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wọlé, mo sì fi tòbí nìkan sọ̀ kalẹ̀. Nírọ̀lẹ́, àlejò kún pálọ̀, ẹ dáná, èéfín gbalé kan. Àlùfáà gan-an gba ojú fèrèsé jáde. Gàfárù ń ké pé, 'Mo mọ ọ́n re o!' Èyí tó burú jù ló kàn: èmi yìí ni mo kọ́kọ́ pè é ní Gàfárù Eléèéfín. Ó bojú sá lọ, ẹ pa ààrò tì, kò sẹ́ni tó wòkè. Orúkọ náà dé Ọjà'ba, ó dé Bẹẹrẹ níbi tí bàbá Ràbíátù àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń gbé, bàbá náà sì ní ọmọ òun kò ní í fẹ́ ẹni tí yóò fi èéfín pa á. Gàfárù, foríjì mí. Èéfín nìwà, rírú ní í rú. Ẹ̀yin ọmọdé, bí nǹkan bá ń dùn yín, ẹ fẹnu sọ ọ́, ẹ má fi ìró dí i."

Gàfárù gbé àkàsọ̀ ti ògiri, ó gun òkè. Nígbà tí wọn yóò fi gbé Èjìdé tẹní-tẹní dé ìta, ìró ti dé ọwọ́ Gàfárù, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ẹ bá mi wò ó o! Ta ni Eléèéfín?"

Olúdayọ̀ dáná. Èéfín yọ lórí páànù, ó lọ sókè tààrà, agboolé hó yèè.

Gàfárù sọ̀ kalẹ̀. "Ìyá, mo ti foríjì yín. Ṣùgbọ́n orúnkún yẹn, òun ló máa bá mi bẹ bàbá Ràbíátù."

Èjìdé rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. Wọ́n tẹ́ ẹní rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, nígbà tílẹ̀ sì mọ́, pálọ̀ làwọn obìnrin gbé àpáàdì wá, tí wọ́n kúnlẹ̀ fún un.

Kí ọyẹ́ tó kásẹ̀, àgbà tó fẹ́ relé fẹsẹ̀ rìn dé Bẹẹrẹ, ó so ìró dúdú mọ́dìí bí ẹlẹ́rìí. Ọjọ́ tí wọ́n fa Ràbíátù fún Gàfárù, orúnkún tó gun páànù ló ṣáájú ijó.