Màámi Tí Mo Gbàgbé sí Gálílì

Ògo! Ẹ bá mi kígbe ògo fún Ọba tó jí dìde! Ẹ tún kígbe! Háà, ẹ ṣeun. Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Ẹ̀yin kwáyà, ẹ má lu dùùrù sí ọ̀rọ̀ yìí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Èmi ni Sìstá Fúnmiláyọ̀ tó ń darí orin. Ẹnu mi kì í wọ́n níbí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kejì Àjíǹde ni ojú ti ń tì mí. Ẹ bá mi dúpẹ́, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi.

Màámi nìyẹn, lórí àga iwájú. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Peckham mọ̀ wọ́n dáadáa. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n nílẹ̀ òyìnbó yìí kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Gẹ̀ẹ́sì wọn sì dán ju tèmi lọ. Ẹ̀rù wọn máa ń ba àwọn dókítà kéékèèké. Nígbà tí àìsàn ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀, dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu bí Gẹ̀ẹ́sì bá lọ. Èdè tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ìyá wọn ló máa ń kẹ́yìn." Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Gẹ̀ẹ́sì lọ pátápátá. Ó ku Yorùbá. Olúwa, o ṣeun tí Yorùbá kù! Ẹ máa gbọ́ ìdí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú Àjíǹde, ẹ rántí, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn àlejò wá láti Lewisham. Gbogbo ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì ni mo fi kọ́ kwáyà lórin kan ṣoṣo. Mo gbé ohùn sókè, gbogbo ilé pa lọ́lọ́, àfi Màámi tó dìde fùú láàárín ìjọ: "Fúnmi! Ṣé o ti jẹun? Sọ̀kalẹ̀ wá jẹun!" Ẹ rẹ́rìn-ín. Mi ò bá yín jà, bó bá jẹ́ ìyá ẹlòmíràn ni, èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ara mi gbóná. Nígbà tí ìsìn parí, mo fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sí ìdí àtẹ̀gùn, mo sì sọ ọ́ sí wọn lójú: "Màámi, ẹ ń dójú tì mí!"

Wọ́n kàn ń bá mi tún kọ́là aṣọ mi ṣe. Mo ní wọ́n á gbàgbé. Ṣebí wọ́n máa ń gbàgbé bóyá wọ́n ti mu tíì.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ sí Gálílì. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí síbí, tí ẹ máa ń bi wá léèrè, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn: ọjọ́ kejì Àjíǹde, ìjọ á jáde lọ ṣeré, torí Jésù ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn lọ pàdé òun ní Gálílì. Gálílì tiwa ni etí òkun. Bọ́ọ̀sì méjì la gbà. Mo fi Màámi sínú ìkejì, mo sọ fún Sìstá Bùkọ́lá pé, "Jọ̀ọ́, bá mi mójú tó wọn, kwáyà fẹ́ dánra wò nínú tiwa." Irọ́ ni. Orin wo la tún fẹ́ dánra wò nígbà tí Àjíǹde ti kọjá? Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún pariwo níbi tí mo wà ni.

Ọjọ́ náà dùn. A jẹ, a mu, a fa okùn. Bó ṣe kù díẹ̀ ká padà, òjò dé lójijì, oníkálukú bá ń sáré wọ bọ́ọ̀sì tó sún mọ́ ọn. Bùkọ́lá rò pé Màámi ti sá wá sọ́dọ̀ ọmọ wọn. Nínú tiwa, ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn: "Mama Fúnmi ńkọ́?" Èmi Fúnmi fúnra mi, èmi ni mo dáhùn: "Wọ́n wà nínú bọ́ọ̀sì kejì." Mi ò bojú wẹ̀yìn. Mo ti ń dá orin.

Mo dá orin láti etí òkun dé Peckham, ẹ̀yin ará! Ẹ sì ń gbè é!

Nígbà tí a dé ìtòsí Rye Lane, bọ́ọ̀sì kìíní sọ èrò kalẹ̀, ìkejì náà sọ tiẹ̀ kalẹ̀. Mo ń wojú Bùkọ́lá, Bùkọ́lá ń wojú mi. "Aunty, ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n wà?" Yéè! Mo figbe ta débi pé àwọn tó ń ta ẹja jáde wá wò mí.

Pásítọ̀ pe ọlọ́pàá, wọ́n gbé fóònù fún mi. Mo ní, "Gálílì ni mo gbàgbé wọn sí!" Ọlọ́pàábìnrin náà ní, "Madam, ṣé ìlú òkèèrè nìyẹn?" Pásítọ̀ gba fóònù, wọ́n ṣàlàyé, wọ́n dá a padà fún mi. Obìnrin náà wá fi pẹ̀lẹ́ bi mí pé, "Kí ni màmá yín wọ̀ lónìí?"

Mi ò mọ̀.

"Kóòtù wọn ńkọ́? Àwọ̀ wo ni?" Mi ò mọ̀. Ẹni tó ń wá tọ́jú wọn láàárọ̀ ló wọṣọ fún wọn. Èmi ń di oúnjẹ kwáyà. Mo mọ ẹni tí kì í jẹ ata nínú kwáyà, mo mọ ẹni tí kì í jẹ ẹja. Ìyá tó bí mi, mi ò mọ aṣọ ọrùn wọn! Obìnrin náà ní, "Kò burú, madam." Ó burú o! Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Pásítọ̀ fi mọ́tò wọn gbé mi padà. Lójú ọ̀nà, ohun tí mo kà fún yín níbí ní Ọjọ́ Ẹtì Rere ló ń pariwo létí mi. Ọmọ kan wà lórí igi àgbélébùú, ìṣó lọ́wọ́, ìṣó lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ ó wo ìsàlẹ̀, ó rí ìyá rẹ̀, ó fi í lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Èmi jókòó sórí àga tìmùtìmù, ìṣó kankan ò gún mi, mi ò kàn bojú wẹ̀yìn. Mo ní, "Olúwa, má fi òkun jẹ mí níyà. Màámi ò lè bá òyìnbó kankan sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣàánú mi, kì í ṣe pé mo yẹ."

Fóònù dún. Ọlọ́pàábìnrin yẹn ni: "A ti rí wọn. Ìdílé kan wà lọ́dọ̀ wọn." Ògo! Ògo! Mo sunkún débi pé Pásítọ̀ ní láti dá mọ́tò dúró.

Ẹ gbọ́ iṣẹ́ Olúwa. Alhaji kan láti Walworth ló kó ìyàwó àti ọmọ wá gbafẹ́ níbẹ̀ torí ìsinmi. Wọ́n fẹ́ máa lọ sílé ni wọ́n bá rí ìyá àgbà kan ní ibùdókọ̀, aṣọ rẹ̀ tutù rinrin, ó ń dá sọ̀rọ̀ ní Yorùbá. Láàárín gbogbo òyìnbó yẹn! Ta ló tó bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe Ọlọ́run? Alhaji bọ́ kóòtù ara wọn fún Màámi, Alhaja ra tíì gbígbóná, wọ́n pe ọlọ́pàá. Wọ́n sì dúró, wọn ò lọ títí a fi dé.

Mo kúnlẹ̀ fún wọn. Alhaji ní, "Ẹ dìde, Aunty. Ìyá tiwa náà ni wọ́n." Ṣùgbọ́n Alhaja fà mí sẹ́yìn díẹ̀, ó ní: "Ẹ má bínú o. A bi wọ́n léèrè ọmọ wọn. Wọ́n ní ọmọ àwọn wà nínú bọ́ọ̀sì, ó ń kọrin, kí a má pè é. Wọ́n ní àwọn ń dójú tì í. Àwọn bá rọra kúrò níbẹ̀ kó lè kọrin rẹ̀ délé."

Ẹ̀yin ará. Màámi tí kò rántí pé bàbá mi ti kú. Màámi tó máa ń bi mí pé ọmọ ta ni mí. Nínú gbogbo ohun tí mo ti bá wọn sọ láyé yìí, èyí tí mo sọ nídìí àtẹ̀gùn ni wọ́n dì mú.

Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ó ní òtútù lásán ni, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Olúwa, o ṣé! O ṣé o, o ṣé! O bò mí láṣìírí, èmi tí mo fẹ́ fi ìyá mi pamọ́. Pásítọ̀, ẹ ṣeun. Alhaji àti Alhaja, mo ti lọ kí wọn nílé, Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn. Kí ẹnikẹ́ni má dá Bùkọ́lá lẹ́bi, ẹ gbọ́? Èmi ni.

Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ wà nílé yín, mo mọ̀ yín. Ẹ máa ń sọ pé, "Daddy ń sinmi." Daddy ò sinmi, ẹ̀sín lẹ ń sá fún. Ẹ kó wọn wá. Bí wọ́n bá pariwo, èmi á dá orin dúró títí wọ́n á fi sọ tiwọn tán. Ọlọ́run tó ṣàánú mi á ṣàánú yín kó tó di pé ẹ sunkún bíi tèmi.

Ó ku ẹnìkan tí mi ò tíì bẹ̀. Ẹ fún mi láyè kí n kọjá. Màámi, èmi ni, Fúnmi. Ẹ foríjì mí. Ẹ ò dójú tì mí rí, èmi ni mo dójú tì yín.

Ẹ wò wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi. Kí ilẹ̀ òní tó ṣú, wọ́n á ti gbàgbé pé mo kúnlẹ̀. Màá tún kúnlẹ̀ lọ́la.