Èmi Ni Mo Rán Ṣẹ́ẹ̀tì Ọkọ Mi Há

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi láti èṣí. Bí mo bá rántí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rín ni mò ń rín. Bí mo bá rántí ìparí rẹ̀, ojú ń tì mí. N kò lè sọ ọ́ fún ọkọ mi, n kò sì lè sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ fẹ́ bọ́ lẹ́nu ọkùnrin kan tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, nítorí tèmi. Ìdí nìyí tí mo fi mú gègé.

Ọdún 1969 ni ọkọ mi ránṣẹ́ pè mí wá sí Port Harcourt. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ kan. Ogun kò tíì parí, ṣùgbọ́n ìlú ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, àwọn ọ́fíìsì sì ti ń ṣí padà. Ọ̀gá tuntun tí wọ́n gbé wá kórìíra kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tó rún. Àwọn akọ̀wé bá sọ láàárín ara wọn pé ogun kò ní kéèyàn má jọ èèyàn mọ́, aṣọ là á kí ká tó kí èèyàn. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra tẹ́rílínì, aṣọ tí kì í rún, funfun àti aláwọ̀ ojú ọ̀run, wọ́n ń gbé e fún télọ̀. Ọkọ mi ló ṣáájú wọn. Bí oṣù bá ti parí, ṣẹ́ẹ̀tì tuntun ni.

Télọ̀ náà jẹ́ ọmọ Ikwerre, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀. Láti Rumuokoro ló máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá sí Díóbù níbi tí à ń gbé láràárọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé wa ló sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí. Bí ẹ bá rí kọ́là tí ọwọ́ rẹ̀ rán, ẹ ó fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ìṣòro kan ló wà. Ọkọ mi tẹ́ẹ́rẹ́. Bó ti wù kó jẹun tó, kò hàn lára rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì tuntun wọ̀nyí wá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Oga clerk, your wife no dey give you chop?" Á bá wọn rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá délé, á dúró síwájú dígí, á máa fa ẹ̀gbẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà mọ́ra. Ó dùn mí. Èmi tí mò ń se ọbẹ̀ ẹja tútù lójoojúmọ́ ayé, èmi ni wọ́n ń pè ní ahun.

Lọ́jọ́ kan tó lọ síbi iṣẹ́, mo mú ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ojú ọ̀run rẹ̀, mo yí inú rẹ̀ síta, mo sì fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọlé díẹ̀. Ọlọ́run rí mi, ohun tí mo fẹ́ kò ju kí aṣọ náà jókòó lára rẹ̀ lọ. Mo fẹ́ sọ fún un tó bá dé, oorun gbé mi lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ó de bọ́tìnnì, ó dúró, ó tún un dè. Ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Ìyá Délé, wá wò mí. Mo ti ń sanra."

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀yin ì bá sọ? Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, n kò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọmọ wa sókè, ó ń jó yí tábìlì ká. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ padà sí ọ̀fun mi. Mo ní, "Ẹ kú oríire."

Bí mo ṣe di ògbólógbòó nìyẹn. Bí mo bá ti fọ ṣẹ́ẹ̀tì kan tó gbẹ, mo tún gbà á wọlé díẹ̀ sí i. Ọkọ mi ń sanra lójú abẹ́rẹ́ mi. Ìrìn rẹ̀ yí padà. Ó ń la apá méjèèjì sílẹ̀ bí ẹni tó gbé korobá omi lọ́tùn-ún lósì. Ó ní kí n dín oúnjẹ alẹ́ òun kù, kí òun má bàa pọ̀ jù. Ó ń sọ ní ọ́fíìsì pé oúnjẹ ọwọ́ ìyàwó òun ló mú òun sanra, débi pé ìyàwó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan wá bi mí ní ohun tí mò ń fún un jẹ. Mo ní ẹ̀fọ́ úgú ni. Lọ́jọ́ kan, bọ́tìnnì fò já níbi tó ti ń ka ìròyìn fún ọ̀gá, ó bọ́ sínú tíì ọ̀gá. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ròyìn rẹ̀ fún mi, a sì jọ rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde lójú wa. Ẹ má bínú, n kò ní purọ́ fún yín. Mo gbádùn rẹ̀.

Ìgbà tó yá, ìyá ọkọ mi dé láti Ìsẹ́yìn. Ọkọ mi dúró síwájú wọn pé kí wọ́n wo bí òun ti sanra. Màmá di apá rẹ̀ mú, wọ́n tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò.

"Sísanra wo? Ṣé eegun tí mo dì mú yìí náà ni?"

Ọkọ mi wo ara rẹ̀, ó wo ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ní a jẹ́ pé aṣọ ló ń kéré nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ta tẹ́rílínì fún un ti búra pé kì í súnkì láéláé. Kò ronú jìnnà. Ó ní télọ̀ ti pààrọ̀ aṣọ òun, ó ti ta ojúlówó, ó sì fi aṣọ yẹpẹrẹ rán tòun. Màmá ní wọ́n ti mọ̀, pé kò sí télọ̀ tí kì í jẹ aṣọ. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀ yẹn. Ẹ̀rù Màmá bà mí, mo dákẹ́.

Ọjọ́ Sátidé ni, àwọn ará ọ́fíìsì sì pé sọ́dọ̀ télọ̀, ó ń wọn wọ́n lọ́wọ́. Ọkọ mi da àwọn ṣẹ́ẹ̀tì náà lé orí ẹ̀rọ rẹ̀. "You don change my cloth. Thief man."

Télọ̀ yí ọ̀kan síta. Ó rí òwú ọwọ́ mi, ó tẹ̀ lé e láti abíyá dé ìsàlẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wò mí níbi tí mo dúró sí lẹ́yìn Màmá. Ojú mi ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì náà jẹ́jẹ́.

"Oga, no vex. Leave am for my hand. I go correct am."

Wọ́n ní ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Àwọn ará ọ́fíìsì kó aṣọ wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó sì tú ohun tí mo rán, tó kó àwọn ṣẹ́ẹ̀tì náà wá tí wọ́n fẹ̀ bíi tàtijọ́, ọkọ mi ní, "Ẹ rí i? Ó ti lọ gba tẹ́rílínì mi padà lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún."

Lẹ́yìn tí Màmá lọ, mo lọ bi télọ̀ pé kí ló dé tí kò tú mi fó. Kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Madam, your mother-in-law dey there. Shirt, I fit loose am. If that woman tie you for mind, who go loose am?"

Láti ìgbà náà, ìrọ̀rí àti ṣòkòtò ọmọ ilé ìwé ló ń rán. Ogun ti wá parí báyìí, ọ́fíìsì ọkọ mi sì fẹ́ mú télọ̀ kan ṣoṣo tí yóò máa rán ṣẹ́ẹ̀tì gbogbo akọ̀wé àti mẹ́séńjà wọn. Ọkọ mi ni ọ̀gá ní kó mú ẹnì kan wá. Télọ̀ wá bẹ̀ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà wa. Ọkọ mi ní òun kò lè mú olè lọ bá ọ̀gá òun. Ọkùnrin náà kí mi, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Kò tú àṣírí mi síbẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bẹ Màmá ni, àbí kí n lọ jẹ́wọ́ ní ọ́fíìsì? Mò ń bi yín, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ọkọ mi ló máa ń ka ojú ìwé yìí nínú ìwé ìròyìn sókè fún mi lọ́sàn-án Sátidé, tí mo bá ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Tó bá fi máa dé ibi yìí, ohùn rẹ̀ á ti wálẹ̀.

Bàbá Délé, èmi rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ forí jì mí. Ẹ ò sanra rí, àìsanra yín kò sì dùn mí rí. Bí ẹ ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn náà ni mo ṣe tẹ̀ lé yín wá síbi tí wọ́n ti ń jagun. Ẹ wọ bàtà yín, kí á jáde lọ bá ọkùnrin náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó lọ sílé. Èmi ni n ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ́rìn-ín ná, kí ẹ tó bínú.