Ọjọ́ Tí Mo Ní Kí Wọ́n Má Sá

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará Kájọlà. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá fẹ́ jókòó, ẹ dúró, ṣùgbọ́n ẹ má tíì lọ. Dókítà ti sọ fún èmi Lawrence Bámigbóyè pé kíndìnrín mi méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀, àmọ́ ẹ má rò pé ẹ̀rù ikú ló là mí lẹ́nu. Inú ló ń bí mi. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ẹ fi ń kí mi pé, “Alàgbà, ẹ kú iṣẹ́ ìlú,” tí mo sì ń jẹ́ ẹ. Ẹ ti sọ òkúta lu ilé aláìṣẹ̀ nítorí irọ́ tí mo pa. Lónìí, òtítọ́ á jáde, bí kò tilẹ̀ ní sí ẹni tó máa kí mi mọ́ ní gbogbo agbègbè Òkè-Àràbà yìí.

Gbogbo yín mọ̀ pé èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ pàjáwìrì ní ìjọba ìbílẹ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ìgbìmọ̀ ọ̀hún jẹ́. Lórí ìwé, ènìyàn mọ́kànlá ni wá. Alága ìjọba ìbílẹ̀ ni olórí. Ọlọ́pàá wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, aṣojú ọba, ti mọ́ṣáláṣí, ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó yẹ kí a máa pàdé lóṣooṣù, kí a mọ ibi tí omi wà, kí a mọ ilé tí arúgbó tí kò lè rìn ń gbé, kí a mọ ẹni tó máa ké sí Ìlọrin bí apá wa kò bá ká a. Ọjọ́ tí wọ́n ya wá ní fọ́tò nìkan ni a pé. Láti ìgbà náà, èmi nìkan ni mò ń dá kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ẹnikẹ́ni kò ṣe. Màá kọ ọ́ pé lágbájá dábàá, tàmẹ̀dò kín in lẹ́yìn, màá sì relé lọ jẹun. Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ wa ni ọkọ̀ panápaná, àti Ọládiípọ̀ tó ń wà á. Síbẹ̀ mo wá sí Kájọlà níbí, mo fún yín ní nọ́ńbà fóònù mi, mo ní, “Bí iná bá sọ, ẹ pè mí. Ẹ má tú ká o. A ó ti dé.” Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìyá Motún, Àyìsátù tó ń yan gàrí, fi èédú kọ nọ́ńbà náà sára ògiri.

Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọyẹ́ mú, kànga gbẹ. Adéyanjú, olówó ará wa tó ń gbé Èkó, wá sìnkú ìyá rẹ̀ ní abúlé wọn, ìrìn wákàtí kan sí ibí. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Alága pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní, “Lawrence, àwọn àlejò Adéyanjú kò rí omi lò. Fi ọkọ̀ panápaná ránṣẹ́ sí wọn.” Mo ní, “Alága, ẹ wo bí igbó ṣe gbẹ.” Ó wò mí látòkè délẹ̀. “Ṣé ìwọ lo fẹ́ máa kọ́ mi níṣẹ́?” Ọ̀rọ̀ parí. Kò na ìbọn sí mi o. Ipò ọ̀gá kan ló ṣófo, mo sì ń fẹ́ ẹ. Mo fọwọ́ sí ìwé àṣẹ. Ọládiípọ̀ kà á, ó ní, “Ọ̀gá, bí iná bá sọ lẹ́yìn mi ńkọ́?” Mo ní kó máa wa ọkọ̀ lọ, kó panu mọ́.

Aago méjì ọ̀sán kò tíì lù tí Ìyá Motún fi pè mí. “Alàgbà, iná igbó ń bọ̀ láti apá odò, atẹ́gùn ń tì í bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣé ká máa sá lọ?” Ẹ gbọ́ ìbéèrè yẹn dáadáa. Ọ̀nà Òmù-Àrán ṣì là gbooro nígbà náà. Ẹlẹ́sẹ̀ á rìn, ọlọ́kadà á gbé arúgbó. “Bẹ́ẹ̀ ni” lásán ló fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n sá, wọ́n á bi mí pé ọkọ̀ dà. Èmi ìkà, mo ní, “Ẹ má sá. Ọkọ̀ ti wà lọ́nà. Ẹ kó àwọn arúgbó sínú ilé gàrí tó ní páànù.” Ọkọ̀ wo? Ọ̀nà wo? Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá pe Ọládiípọ̀. Ó ní wọ́n ti fa omi ọkọ̀ tán sínú táǹkì Adéyanjú. Ìyá Motún tún pè. “Alàgbà, èéfín ti bò wá, a kò rí yín.” Mo ní ó ku díẹ̀. Nígbà tó pè lẹ́ẹ̀kẹta, mo wo orúkọ rẹ̀ lójú fóònù, mo sì pa fóònù náà. Mo gun ọ̀kadà débẹ̀, òrùlé ilé gàrí ti wó. Motún, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ti wọlé lọ gbé ìyá bàbá rẹ̀. Ẹ̀yìn òkú rẹ̀ ni a ti rí òkú arúgbó náà, ó ṣì pọ̀n ọ́n.

Ṣé ẹ rò pé ìwà ìkà mi tán síbẹ̀? Nígbà tí àwọn olùwádìí ń bọ̀ láti Ìlọrin, Alága ní, “Ọwọ́ ta ló wà lórí ìwé àṣẹ? Tèmi kọ́ o.” Mo ti gba ìwé náà padà lọ́wọ́ Ọládiípọ̀; mo fà á ya. Mo kọ òmíràn pé òun ló dá gbé ọkọ̀ lọ wá ojúure olówó. Wọ́n mú un dúró níwájú mi. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ wojú mi. Ta ló rán mi?” Mo wo ojú rẹ̀ kòrókòró. Mo ní, “N kò rán ọ níṣẹ́ kankan.” Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Èmi ni mo da tèmi, Ọládiípọ̀ ló tọ̀. Wọ́n lé e níṣẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ gbé òkúta, ẹ kò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Asisat ìyàwó rẹ̀ kó ọmọ, wọ́n fẹsẹ̀ rìn kúrò nílùú, torí kò sí ọlọ́kadà tó gbà láti gbé wọn. Èmi gba ipò ọ̀gá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá a ní Bàbáńlá, níbi tó ti ń kọ ebè iṣu. Kò fún mi ní ìjókòó. Ó ní, “Èmi mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ lọ sọ fún àwọn tó sọ mí lókùúta.” Mo ti wá sọ ọ́. Mo ti kọ ọ́, orúkọ Alága wà níbẹ̀ pẹ̀lú tèmi, ìwé náà ti dé Ìlọrin. Ẹ lọ bẹ Ọládiípọ̀ kó padà wálé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ ìjọba kiri, bí ẹnìkan bá pè yín nínú iná, tí ẹ kò sì ní ohunkóhun lọ́wọ́, ẹ sọ fún un pé ẹ kò ní, kó lè sá. Ojú á tì yín, ṣùgbọ́n onítọ̀hún á wà láàyè láti bú yín. Ìyá Motún, n kò lẹ́nu láti ní kí ẹ dárí jì mí. Mo rí i pé ẹ ti dìde. Ẹ sọ ohun tó wà nínú yín. Kò sí ẹni tó máa dá yín dúró.