Omi Tó Hó ní Márùndínlọ́gọ́rùn-ún

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣí ìwé. Kẹ́tùlù tí ẹ rí lórí tábìlì yìí ò tíì hó. Kó tó hó, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé mì láti ọdún mọ́kànlélógójì, tí kò dà nínú mi. Dókítà ti yẹ àyà mi wò, ó ní tí mo bá ní nǹkan í ṣe, kí n tètè ṣe é. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, olùkọ́ mìíràn ni yóò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa ooru pẹ̀lú yín. Èmi tí wọ́n ní kí n múra yín sílẹ̀ fún un, ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Olè ni mí.

Nígbà tí mo wà bíi tiyín, èmi àti àbúrò mi obìnrin la jọ fẹ́ wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì yìí. Ìyá wa ń fọ aṣọ fún àwọn ènìyàn, ìkòkò omi gbígbóná kì í kúrò lórí iná wa. Atọpinpin là ń pe àbúrò mi nílé, torí kò sí ohun tí kì í béèrè. Kí ló dé tí aṣọ fi ń gbẹ lọ́jọ́ tí oòrùn ò ràn? Ibo ni omi inú rẹ̀ ń lọ? Ìyá wa á ní, "Ó ti lọ síbi tí wọn ò ti ń da àgbà láàmú. Sá aṣọ yẹn, jàre!" Èmi ní tèmi, ìwé ni mo gbà gbọ́. Ohun tí ìwé bá ti sọ, kí ni mo tún ń wá kiri?

Olùkọ́ wa nígbà náà, tí a ń pè ní Bàbá Onítẹmómítà, kì í ṣe ìdánwò fún àwọn tó fẹ́ wọlé. Tẹmómítà ló ń fún kálukú, á ní, "Ẹ lọ se omi lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ kọ iye tí ẹ bá rí nígbà tó bá ń hó." Ẹ̀rín pa mí. Ta ni ò mọ̀ pé ní ọgọ́rùn-ún ni omi ń hó? Mo jókòó, mo kọ ọgọ́rùn-ún nígbà mẹ́rìnlá, mo dín díẹ̀ kù níbì kan kó lè jọ òótọ́. Ife omi kan, mi ò gbé e kaná. Ẹ ò rí ọ̀lẹ? Àbúrò mi ń se tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ìyá wa. Márùndínlọ́gọ́rùn-ún ló rí. Ó fọ tẹmómítà, ó pààrọ̀ omi, ó tún yá tèmi tí omi ò kàn rí. Ibì kan náà ló dúró sí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wò ó o! Omi ń hó yaya, kò sì gòkè mọ́!" Mo ní kó kọ ọgọ́rùn-ún kó jẹ́ ká sinmi. Ó kọ̀. Nísàlẹ̀ ìwé rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé: "Mi ò mọ ìdí rẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀."

Lọ́jọ́ tí a máa kó ìwé lọ, aṣọ pọ̀ nílé, ó ní kí n bá òun mú tòun dání. Mo dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, mo gbọ́ ohùn Bàbá tó ń bá ẹnì kan wí: "Ọgọ́rùn-ún? Ṣé etí òkun lo ti se tìrẹ ni? Lórí òkè wa níbí, afẹ́fẹ́ tó ń tẹ omi mọ́lẹ̀ ò pọ̀ tó ti ìsàlẹ̀. Omi ti máa hó kó tó dé ọgọ́rùn-ún. O ò se omi kankan. Padà wá lọ́dún tó ń bọ̀." Mo wo ìwé méjèèjì tó wà lọ́wọ́ mi. Ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan ni orúkọ wà, píìnì kékeré ló sì so ìwé pọ̀. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo tú píìnì méjèèjì, mo fi orúkọ mi sórí iṣẹ́ rẹ̀, mo fi orúkọ rẹ̀ sórí irọ́ mi.

Bàbá ka gbólóhùn ìsàlẹ̀ yẹn sókè, ó dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. "Ẹni tó kọ èyí ni mo ti ń wá." Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Lọ́jọ́ kejì wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àbúrò mi, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: kò se omi.

Ẹ rò pé èyí ló burú jù? Ó kù. Ó sunkún délé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ rí mi? Ṣebí mo sè é? Kí ni mo ṣe tí kò dáa?" Mo lè sọ ọ́ nígbà náà. Mo wo ojú ọmọ ìyá mi, mo ní, "Bóyá o ò mọ ìlà ara tẹmómítà kà ni. Ojú rẹ ló tàn ọ́. Ṣé o rí i pé tèmi tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún wọlé?" Ó gbà mí gbọ́. Kí ló máa ṣe? Nígbà tí ọdún yí po, ó ní kí ni òun tún ń padà lọ ṣe, òun tí òun ò mọ ìlà kà. Ó bá ìyá wa fọ aṣọ, ó sì fọ̀ ọ́ títí di òní. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbọ́ ìbéèrè kan lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ilé wa wá dákẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ń pa mí, kì í ṣe àyà tí dókítà ń wò.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ kọ. Èyí tí kò bá yé yín, ẹ kọ ọ́ pé kò yé yín. Ìyá tó jókòó lẹ́yìn yẹn, tí ẹ rò pé ó ṣìnà wọlé, àbúrò mi ni. Mo ní kó wá gbọ́ ìdágbére mi ni, kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Atọpinpin, dárí jì mí. Tó bá ṣòro fún ọ, mi ò ní bínú, mo mọ gbèsè tí mo jẹ ọ́. Ṣùgbọ́n kẹ́tùlù ti ń hó. Mo bẹ̀ ọ́, máa bọ̀ níwájú níbí. Tẹmómítà rèé, mi ò wò ó. Ìwọ ni kí o kà á, kí o sì sọ iye tí o rí fún wọn.