Mo Há Abala Kọkàndínlógójì Sórí

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi. Mi ò fọwọ́ kan ẹni tó kú. Ẹnu ni mo fi pa á.

Ìsàlẹ̀ Gángan ni wọ́n bí mi sí. Mi ò lọ yunifásítì, ṣùgbọ́n mo ra ìwé òfin Nàìjíríà, mo sì há abala kọkàndínlógójì sórí: gbogbo èèyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò rẹ̀, láti gba ìròyìn, kó sì tàn án ká. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìròyìn àdúgbò jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tọ́rọ̀ kàn. Lọ́jọ́ kan, mò ń kánjú, mi ò béèrè. Èèyàn kà á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tó yá, mo rí àwọn páálí mílíìkì kan níwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ìbejì, ará Ìjẹ̀ṣà tó ń tajà ní Òkè Àrin. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sí wọn lára ti kọjá, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí wọn. Mo ya fọ́tò, mo gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo kọ sí i pé: "Ọkùnrin yìí ń ta májèlé fún ọmọ yín."

Bàbá gbọ́, ó pè mí lórí fóònù.

"Ọmọ mi, gbogbo Òkè Àrin ló mọ ìlà pupa. Ọjà tí a ò gbọdọ̀ tà mọ́ ni. Mọ́tò iléeṣẹ́ tó ṣe mílíìkì yẹn ló ń bọ̀ wá kó o. Wá wo ìwé ẹ̀."

"Bàbá, òfin wà lẹ́yìn mi. Abala kọkàndínlógójì."

"Èmi ò mọ abala. Ṣó o bi mí?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbé mi lọ sí kóòtù, sà."

Lọ́jọ́ kejì, èrò bo ṣọ́ọ̀bù náà. "Bàbá Májèlé, jáde!" Mo gbé fóònù sókè, mò ń fi bó ṣe ń lọ han àwọn tó ń wò mí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bàbá rí mi, ó gba àárín èrò kọjá, ó na bébà kan sí mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, kà á fún wọn! Jọ̀ọ́, kà á!"

Mo rí òǹtẹ̀ iléeṣẹ́ lórí ẹ̀. Mo rí i kedere. Bí mo bá kà á, àṣírí mi á tú lójú gbogbo ayé.

"Òun nìyẹn!" ni mo kígbe. "Ẹ má jẹ́ ó lọ!"

Èrò ya bò ó, wọ́n ń lù ú. Kí ọlọ́pàá tó dé, Bàbá ò mí mọ́.

Ní kóòtù, lọ́yà mi ní ọ̀rọ̀ lásán ni mo sọ, pé òfin dáàbò bo ọ̀rọ̀. Adájọ́ ṣí abala karùndínláàádọ́ta, èyí tó gba òfin láyè láti fi ààlà sí ẹ̀tọ́ yẹn nítorí ààbò ìlú àti ẹ̀tọ́ ẹlòmíì. Ó wò mí.

"Nígbà tí o kọ irọ́, o ba èèyàn lórúkọ jẹ́. Nígbà tí o ní kí wọ́n má jẹ́ ó lọ, o di ọ̀kan nínú àwọn tó pa á."

Abala márùn-ún péré ló wà láàárín méjèèjì. Mi ò kà dé ibẹ̀ rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí fóònù wà lọ́wọ́ yín, mi ò ní kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ sọ òótọ́, ì báà ṣe sí ọba. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè, bí ìdáhùn bá sì tako yín, ẹ gbé òun náà jáde. Bàbá Ìbejì ò ní kí n dákẹ́. Ó kàn ní kí n kà á ni.