Wọ́n Fẹ́ Kí Ìgbéyàwó Ọmọ Mi Yá Kí N Tó Kú

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ sì bá mi dá sí i. Ọmọ mi àkọ́bí, Dúpẹ́, ń lọ sílé ọkọ. Ohun ayọ̀ ni, àbí kì í ṣe ohun ayọ̀? Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ fẹ́ ẹ ti ránṣẹ́ pé kí á má ṣe dúró de ọdún tó ń bọ̀ tí a jọ fàdéhùn sí mọ́, pé kí á ṣe é kí iṣu tuntun tó jáde, nítorí wọn ò mọ bí ara ìyá ìyàwó yóò ti rí nígbà náà. Èmi ni ìyá ìyàwó. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, tí mo jẹ iyán lánàá tí mo tún ní kí wọ́n bu òmíràn kún un, èmi ni wọ́n ń sáré nítorí ikú mi! Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo bínú, mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún díẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò mí.

Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ni mò ń gbé, òfì ni mò ń hun. Ọ̀pọ̀ kíjìpá tí ẹ ń rí lára àwọn àgbàlagbà ládùúgbò wa, ọwọ́ mi ló ti jáde. Àgbẹ̀ oníṣu ni ọkọ mi, ó sì ní kòkó díẹ̀ lọ́nà Ìkọ̀lé. Ẹnu mi mú, mi ò ní purọ́ fún yín. Àwọn obìnrin ìjọ wa a máa ní bí Ìyá Dúpẹ́ bá ti la ẹnu, kí oníkálùkù wá ibi sá sí. Lọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi ni mo ti kọ́ iṣẹ́ òfì, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ tábà fífà, ìkòkò tábà kì í sì í kúrò lẹ́nu mi bí mo bá jókòó ti iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń ṣe, kò sì sí ẹni tó rò pé ewu kan wà níbẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ta ni kì í wúkọ́ nígbà ọyẹ́? Ṣùgbọ́n òjò dé, àgbàdo hù, àwọn ẹlòmíràn ti gbàgbé ikọ́ tiwọn, tèmi kò lọ. Mo lo àgbo, mo lo oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́, mo fi òrí para. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo tutọ́ tí mo rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní ìlú tiwa, ẹni tó bá wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo là ń pe àìsàn rẹ̀, ikọ́ ife ni. Kò sí ẹni tó yẹ̀ mí wò tí wọ́n fi dá ẹjọ́ mi. Àwọn tí a jọ ń hun aṣọ lábẹ́ àjà kan gbé òfì wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn. Wọ́n ya ife omi mi sọ́tọ̀, àwọn tí mo bá gbẹ̀bí ọmọ wọn ń kí mi láti ojú ọ̀nà. Ọkọ mi nìkan ni kò yà mí sọ́tọ̀. Inú àwo kan náà la ti ń jẹun. Ó ní, "Bí ó bá máa ran ènìyàn, èmi ló yẹ kó kọ́kọ́ ràn." Ẹ wo ọkùnrin! Bó ṣe máa ń bí mi nínú tó, mi ò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ló wá sílé nígbà Àjíǹde, tó rí bí mo ṣe rù, tó ní òun kò ní padà lọ láìmú mi dání. Ní ilé ìwòsàn ńlá kan níbẹ̀, wọ́n ya fọ́tò àyà mi, wọ́n ki nǹkan bọ̀ mí lọ́fun tí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bú dókítà, wọ́n sì wá sọ fún mi pé kì í ṣe ikọ́ ife rárá. Wọ́n ní kókó kan ló ń dàgbà nínú ẹ̀dọ̀fóró mi, pé jẹjẹrẹ ni, pé àfi kí wọ́n là mí kí wọ́n gé apá ibi tó wà kúrò. Ṣé kí n sọ òótọ́? Inú mi kọ́kọ́ dùn pé kì í ṣe ikọ́ ife! Ẹ̀yìn ìgbà tí àbúrò mi ṣàlàyé ohun tí jẹjẹrẹ jẹ́ fún mi ni mo tó mọ̀ pé ayọ̀ mi ti yá jù.

Wọ́n là mí láti ẹ̀yìn yí wá sí abẹ́ ọmú. Nígbà tí mo lajú, rọ́bà kan ti inú ìhà mi jáde lọ sínú ìgò. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Ìdó, tó jẹ́ pé ohùn rẹ̀ nìkan ló ń mú mi rántí ilé. Á dúró tì mí, á fi ìrọ̀rí ti ìhà mi, á ní, "Ìyá, ẹ wúkọ́. Ẹ wúkọ́ dáadáa, kí àyà yín lè mọ́." Ẹ gbọ́ ná! Èmi tí gbogbo ìlú ti ń sá fún nítorí ikọ́, èmi ni wọ́n ń bẹ̀ báyìí pé kí n jọ̀wọ́ kí n wúkọ́. Mo ní, "Ọmọ mi, ká ní o bá mi sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará ulé mi ni!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, èmi náà fẹ́ rín, ṣùgbọ́n ìhà mi kò gbà.

Ọjọ́ tí wọ́n ní kí n máa lọ ilé, mo bi dókítà náà, ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, mo ní, "Ṣé mo ti sàn?" Ó ní, "Ìyá, a ti yọ gbogbo ohun tí a rí. Ẹ máa padà wá kí a máa wo àyà yín." Mo ní, "Èyí tí ẹ kò rí ńkọ́?" Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní, "Bí ó bá kù, èmi náà ò tíì lè mọ̀. Bí ọdún bá ń gorí ọdún tí a kò rí nǹkan kan, ọkàn wa yóò máa balẹ̀ sí i." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò fi mí ṣe ọmọdé, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń bá mi gbé.

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi ti bá àlùfáà sọ ọ́, wọ́n ti fi ìdúpẹ́ sí ọjọ́ Ìsinmi kejì. Mo wọ aṣọ funfun, mo jó dé iwájú pẹpẹ, gbogbo ìjọ ń pariwo pé mo ti sàn pátápátá. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé dókítà kò sọ bẹ́ẹ̀? Bí ẹnikẹ́ni bá ní, "Ara ńkọ́?" èsì kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu wa, "A dúpẹ́." Nígbà tí mo fẹ́ sọ fún ìyàwó àbúrò ọkọ mi pé a kò tíì mọ̀, ó ta ìka lórí, ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" bí ẹni pé èmi ni mò ń fi ara mi ré. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pa ẹnu mi mọ́. Bí òtútù bá mú mi tí mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo ti ń fetí sí i. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan tí n óò lọ Ìbàdàn fún àyẹ̀wò, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu mi. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, mi ò sì pa ọjọ́ kan jẹ rí. Gbogbo ìgbà tí mo lọ ni wọ́n ń ní àwọn kò rí nǹkan kan.

Ẹ má sì rò pé ẹni tó ń kú lọ ló ń bá yín sọ̀rọ̀ o. Apá òsì mi tó le gbagidi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, mo fi òfì nà án títí ó fi rọ̀. Mò ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí oko ìhà Àsin, mo sì ń bá àwọn ọmọ ru iṣu bọ̀. Mo ti fọ́ ìkòkò tábà mi. Bí ẹ bá bi mí, n óò ní mo gbàgbọ́ pé mo ti bọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ yàtọ̀ sí kí ènìyàn mọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dé sí mi lọ́rùn nìyí. Tíṣà ni ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Dúpẹ́, ọmọ Ààyè-Èkìtì ni, onírẹ̀lẹ̀ ọmọ. Àwọn ènìyàn rẹ̀ wádìí ìdílé wa bí gbogbo wa ti ń ṣe: ṣé wárápá kò sí níbẹ̀, ṣé ẹ̀tẹ̀ kò sí, ṣé ikọ́ ife kò sí. Èmi náà wádìí tiwọn. Ẹnìkan sì ti sọ fún wọn pé ìyá ọmọ náà wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ rí, pé wọ́n la àyà rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọkọ mi ti rán alárinà sí wọn pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn, ó ti parí. Síbẹ̀ wọ́n wá fúnra wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọkùnrin náà ló sì ṣáájú, obìnrin àgbà kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

Ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, ẹ má bínú o. A gbọ́ pé ukọ́ ṣe yín rí. Ṣé ẹ ti sàn?"

Ọkọ mi ti gbà á lẹ́nu mi: "Ó ti sàn pátápátá! Ẹ ò rí i bó ṣe rí ni?"

Ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, mo gbọ́ tiyín. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ."

Kí ni ẹ̀yin ì bá wí? Mo wo ojú obìnrin náà, mo rí i pé ìdáhùn ló fẹ́, kì í ṣe àdúrà. Mo ní, "Kì í ṣe ikọ́ ife, kò ràn mọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì sí nínú ìdílé wa rí. Nǹkan kan hù nínú àyà mi, wọ́n gé e kúrò. Ara mi le, ẹ̀yin náà rí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá máa padà, dókítà ò mọ̀, èmi náà ò mọ̀." Wọ́n mu omi, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ọkọ mi ní, "Kí ló burú nínú kí o ní o ti sàn? Ta ló máa lọ bi dókítà?" Dúpẹ́ ní tirẹ̀ wolẹ̀ nínú yàrá, ó ń sunkún, ó ní, "Ìyá mi, ẹ ti lé wọn lọ." Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, a kò gbúròó ẹnikẹ́ni láti Ààyè, ọmọ mi kò sì wo ojú mi bó bá ń gbé oúnjẹ fún mi. Èyí dùn mí ju ọ̀bẹ dókítà lọ, nítorí wọ́n kun mí lóorun fún tọ̀hún.

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, obìnrin àgbà náà padà wá, òun nìkan. Ó ní àwọn ṣì fẹ́ ọmọ wa, àwọn fẹ́ ẹ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n kí á mú ọjọ́ náà ṣáájú ìgbà tí a dá a. Ó ní, "Bí ukú bá wọ ulé yín kí ọmọ tó jáde, ọ̀fọ̀ á dá a dúró, ta ló mọ ìgbà tí á tún tó ṣe é? Ẹ̀yin lẹ ní ẹ kò mọ̀. Àwa náà ò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí á yáa ṣe é nígbà tí gbogbo wa pé." Kò fi ìkà sọ ọ́. Ó di ọwọ́ mi mú bó ti ń sọ ọ́. Mo wá ibi tí n óò ti bínú sí i, mi ò rí i, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló fi dá mi lóhùn.

Dúpẹ́ ti ń rẹ́rìn-ín padà, ó fẹ́ kí n gbà. Ọkọ mi ń fọ́nnu, ó ní ṣé wọ́n fẹ́ máa ka ọjọ́ ikú mọ́ ìyàwó òun lójú òun ni! Kíjìpá tó yẹ kí n fi sin ọmọ mi lọ sílé ọkọ kò tíì dé ìdajì lórí òfì, mi ò sì fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn parí rẹ̀ fún mi. Bí mo bá kọ̀, tí nǹkan yẹn sì padà lóòótọ́, ọmọ mi yóò máa ní agídí ìyá òun ló gba ọkọ lọ́wọ́ òun. Bí mo bá sì gbà, mo ti gbà lójú ìdílé méjèèjì pé mò ń palẹ̀ mọ́, èmi tí n kò lọ sí ibì kankan.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀ wá gbọ́ èsì. Ẹ má ṣàánú mi, ìmọ̀ràn ni mo fẹ́. Ọkàn mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ sí pé kí n gbà, nítorí Dúpẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń dà mí láàmú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn: bí mo bá gbà fún wọn, tí mo wá wà láyé, tí mo gbé ọmọ Dúpẹ́ pọ̀n, tí mo tún gbé àbúrò rẹ̀ pọ̀n, ṣé àwọn àna mi kò ní máa wò mí bí ẹni tó yẹ àdéhùn?