Ta Ni Ń Pàtẹ́wọ́ fún Ẹni Tó Ń Tẹ́ Ẹní?

Nígbà SAP, tí gbogbo nǹkan wọ́n gógó, nídìí ẹ̀rọ ata kan ní Lotto, ní Mówè, obìnrin méjì gbé abọ́ wọn síwájú tèmi, wọn ò tọrọ gáfárà, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀.

"Èmi ni mo mú aládùúgbò mi wá sí ṣọ́ọ̀ṣì," èyí tó dàgbà jù ló sọ bẹ́ẹ̀. "Kò tíì pé ọdún kan, ó ti ń ríran. Pásítọ̀ ti fún un ní àga níwájú. Èmi tí mo ti ń gbààwẹ̀ fún ẹ̀bùn yẹn tipẹ́, ẹní ni mò ń tẹ́ fún àlejò."

"Màmá, ẹ̀bùn nìyẹn náà. Ilé ta ni àwọn ará Ìbàdàn ń sùn sí bí wọn ò bá rí ọkọ̀ lẹ́yìn ìpàdé?"

"Ta ni ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń tẹ́ ẹní? Mo ti tilẹ̀kùn. Kí wọ́n lọ sùn lọ́dọ̀ aríran."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀.

"Aláboyún kan lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá," èkejì ló fèsì. " Aríran ní kò sí àyè. Orí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì ló sùn."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Aríran tí kò rí aláboyún."

"Màmá, ilẹ̀kùn yín ló kọ́kọ́ kàn."

Ẹ̀rín náà tán.

"Bí wọ́n bá tún dé, kí wọ́n máa bọ̀ nílé mi. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má pè é lẹ́bùn fún mi. Ìran ni mo tọrọ."